Alẹ́ aago mẹ́ta àbọ̀

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ó ti ṣe díẹ̀ tẹ́ ẹ gbúròó mi, iṣẹ́ ni o, òtútù náà tún dá kún un. Kò sí àlejò lónìí, èmi nìkan ni, èmi àti tíì gbígbóná.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ìkíni. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé Copenhagen níbí, olú ìlú Denmark, inú oṣù Dìsẹ́ńbà, mo pe mọ́mì mi n'Íbàdàn, mo ní "Ẹ káalẹ́ mà." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní "Alẹ́ wo? Aago mẹ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, aṣọ tí mo sá ò tíì gbẹ." Ẹ sì wá wò ó o, tó bá ti di ìgbà òtútù, aago tiwa níbí àti ti Nàìjíríà, ọ̀kan náà ni, aago mẹ́rin wọn ni aago mẹ́rin wa. Oòrùn ń pa wọ́n lọ́hùn-ún, èmi ò rí ọwọ́ ara mi níta. Tó bá di bí ọjọ́ 21 oṣù Dìsẹ́ńbà, aago mẹ́jọ àbọ̀ á ti kọjá kí oòrùn tó yọ, tó bá fi máa di 3:40 ó ti wọ̀. Wákàtí méje péré! Èmi tí mo ń wọṣẹ́ ní aago méje àárọ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, òkùnkùn ni mo ń bá lọ, òkùnkùn náà ló ń sìn mí wálé.

Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ilẹ̀ ti ṣú, wọlé. Kí lò ń wá níta, ṣé o ò rí i pé ilẹ̀ ti ṣú ni? Èmi náà gbọ́ràn, ọdún àkọ́kọ́ yẹn mo ń wọlé bí adìyẹ, aago márùn-ún mo ti jẹun tán, aago méje mo ti sùn, tó bá di aago méjì òru ojú mi á là rekete, màá máa wo àjà, màá máa ro gbogbo ẹni tó jẹ mí lówó.

Obìnrin kan níbi iṣẹ́ ló gbà mí. Ó ní kí n wá jẹun nílé òun, mo débẹ̀, àbẹ́là ló tàn káàkiri, lórí tábìlì, lójú fèrèsé, àánú ẹ̀ sì ṣe mí, mo ní háà, wọ́n ti já iná obìnrin yìí. Nílé wa kí lẹ̀ ń tan àbẹ́là fún tí kì í bá ṣe pé NEPA ti ṣe tiwọn? Àfi bó ṣe wọ kíṣìnnì, ó tan iná ẹlẹ́ńtíríìkì wàá, ó gbé ìkòkò, ó tún pa á padà. Mo ní hẹ̀n-ín. Àwọn yìí mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Òun náà ló mú mi lọ sí Tivoli. Ọgbà eré ni, ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin ńlá àárín ìlú ló wà, láti 1843 ni wọ́n ti ṣí i, ṣùgbọ́n ọdún 1994 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i fún Kérésì. Tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé lọ́tọ̀, owó eré lọ́tọ̀, ẹ mú ọkàn le o. Iná wẹẹrẹ wẹẹrẹ lórí igi gbogbo. Ọkọ̀ onígi kan wà níbẹ̀ tó ń gun òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, láti 1914, títí dòní èèyàn ló ń bá yín jókòó sínú ẹ̀ tó ń fọwọ́ tẹ bíréèkì. Mo pe orúkọ Jésù títí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún ń ta æbleskiver, ẹ fojú inú wo puff-puff tí wọ́n ṣe nínú páànù oníhò bíi ti másà, wọ́n á bu ṣúgà lẹ́búlẹ́bú lé e. Tiwa dùn jù, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n nínú òtútù yẹn mo jẹ mẹ́fà.

Látìgbà yẹn ni mo ti wá ń fojú sílẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ 13 Dìsẹ́ńbà, àwọn kan máa ń to kayak, ọkọ̀ ojú omi kékeré alájẹ̀, gba odò àárín ìlú, iná lára ọkọ̀, wọ́n á máa kọrin Lucia, ẹni mímọ́ tí wọ́n ń ṣàjọ̀dún ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ilé gogoro kan tún wà, Rundetårn, ọba Christian kẹrin ló kọ́ ọ, 1642 ni wọ́n parí ẹ̀, kò ní àtẹ̀gùn àfi díẹ̀ lókè pátápátá, ńṣe lọ̀nà ń lọ́ yípo bí ìgbín títí dókè, àní ọba Rọ́ṣíà kan, Peter, gun ẹṣin débẹ̀ ní 1716. Nígbà òtútù wọ́n máa ń ṣí i láwọn alẹ́ kan kí ará ìlú wá fi ẹ̀rọ awòràwọ̀ wo ojú ọ̀run. Ẹ wá gbìyànjú ẹ̀ lóṣù Júùnù, tí oòrùn ò ní wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ìràwọ̀ wo lẹ fẹ́ rí?

Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ tèmi gan-an ni Glyptotek, mùsíọ́mù kan. Owó bíà ló kọ́ ọ, Carl Jacobsen tó ń pọn bíà Carlsberg, ère ló kún inú ẹ̀, àmọ́ ní 1906 wọ́n fi ọgbà kan kún un láàárín, abẹ́ òrùlé dígí, ọ̀pẹ ló gbìn síbẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn òun mọ òdòdó ju ère lọ, tí wọ́n bá wá wo ewé tútù nígbà òtútù, bóyá wọ́n á yà wo ère náà. Ó rí mi mú! Ọ̀pẹ ni mo wá wò. Kì í ṣe ọ̀pẹ tiwa tó ń so ẹyìn o, ṣùgbọ́n ooru ibẹ̀, òórùn erùpẹ̀ tútù yẹn, mo bọ́ kọ́ọ̀tù, mo jókòó, mi ò wo fóònù fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni mo pe mọ́mì mi lórí fídíò. Wọ́n ní "Ọ̀pẹ rèé! Ṣé o ti wọ Nàìjíríà láìsọ fún wa ni?"

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń ṣí i di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọjọ́bọ̀ sì lòní. Aago mẹ́rin ti kọjá díẹ̀, ìta ti dúdú kirikiri, mo ti rí ìbọ̀wọ́ kan, mi ò rí ìkejì, tí mo bá rí i báyìí mo ti lọ nìyẹn. Ẹ káalẹ́ o, àbí ẹ káàsán, ẹ mú èyí tó bá bá tọ̀dọ̀ yín mu.