Ẹ Ya Ọ́fíìsì Kí Ẹ Tó Wọ Igbó: Mọ́tò Láti Ọ̀yọ́, Òkè-Ògùn Títí Dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ti ń bi mí ṣáá pé báwo lèèyàn ṣe lè gbé mọ́tò láti Ọ̀yọ́, kó wo àwọn òkè, kó wọ Nàṣánà Páàkì Ọ̀yọ́-Ilé (Old Oyo National Park), igbó tí ahoro ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ wà nínú rẹ̀, kó sì já sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀nà rẹ̀ rèé: Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn, Adó-Àwáyè, padà sí Ìsẹ́yìn, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ìgbòho, Kíṣí, Ìgbẹ́tì, Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ má fi ṣe ìrìn ọjọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́.

Ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í rèé. Ẹ gbọ́ pé páàkì Ọ̀yọ́-Ilé, ẹ rò pé ẹ̀yìn ààfin ló wà. Rárá! Ọ́fíìsì ló wà ní Ọ̀yọ́, ní Ìsọ̀kún, lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Igbó gan-an wà lókè lọ́hùn-ún. Àwọn tó tún mọ̀ pé ó jìnnà, wọ́n á wa mọ́tò fìì kọjá ọ́fíìsì, ó di ẹnu géètì ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, wọ́n á máa fọn fèrè. Ta lẹ sọ fún pé ẹ ń bọ̀? Ó dà bí ẹni tó fo ògiri ẹ̀yìnkùlé wọ ààfin, tó tún ń bínú pé wọn ò tẹ́ ẹní fóun.

Ọ́FÍÌSÌ ÌSỌ̀KÚN NI ÀKỌ́KỌ́! Ibẹ̀ lẹ ti máa gba ìyọ̀ǹda, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa bá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó sọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà lẹ ti máa béèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Tí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má lọ. Òkè-Ògùn ayé ìsinsìnyí, kì í ṣe ibi àgídí. Ẹ má sì wọ igbó láìsí ẹ̀ṣọ́. Mo tún sọ ọ́: ẹ má wọ igbó láìsí ẹ̀ṣọ́!

Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ rí fún wọn pẹ̀lú. Igbó tó fẹ̀ tó sikúwià kìlómítà 2,512, ẹnu ọ̀nà kan kọ́ la ń gbà wọ̀ ọ́. Tí ó bá jẹ́ ẹranko, ẹfọ̀n, àgbọ̀nrín, ọ̀bọ, apá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni. Tí ó bá jẹ́ ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, apá Kíṣí àti Ìgbẹ́tì ni. Ẹ má dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kí ẹ máa ní ẹ fẹ́ rí odi Ọ̀yọ́ o!

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la ń lọ, láti December sí April. Koríko á ti jó, omi á ti gbẹ níbi púpọ̀, ẹranko á wá sí ibi tó kù. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ oṣù January máa ń bo òkè mọ́lẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan yà ní fótò. Èmi fẹ́ràn March.

Ní Ìsẹ́yìn, ẹ dúró wo àwọn tó ń hun aṣọ òkè. Òwú á gùn jáde níwájú òfì, á na tàntàn lórí ilẹ̀, òkúta á wà ní ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún tó ń fà á le. Bí aṣọ ṣe ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má tẹ òwú wọn o. Lẹ́yìn ìyẹn, Adó-Àwáyè. Òkè yẹn ga, òwúrọ̀ kùtù lẹ máa gùn ún. Adágún Ìyàkẹ́ wà lórí rẹ̀, omi lórí àpáta, inú àwo àpáta ló jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ ní Ìgbòho, nítorí mi ò lè kọjá ibẹ̀ kí n má sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn Ọ̀yọ́ sá fún Tápà, ibẹ̀ ni ààfin wà, àwọn Aláàfin sì sùn síbẹ̀. Aláàfin Abípa ló ní òun fẹ́ kó wọn padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè ti kọ́lé, wọ́n ti dáko, wọn ò fẹ́ lọ. Kí ni wọ́n ṣe? Ìtàn ní wọ́n kó abuké, arọ àti àfín lọ sórí Òkè Àjàká ní Ọ̀yọ́-Ilé, kí wọ́n ṣe bí iwin, kí wọ́n máa gbé iná kiri lóru, kí wọ́n máa ké pé, “Kò sí àyè! Kò sí àyè!” Ọba gbọ́ ọgbọ́n wọn, ó rán ọdẹ, wọ́n kó gbogbo iwin náà wálé. Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú iwin, ni wọ́n ń pè é títí dòní. Tí ẹ bá dé ahoro, tí ẹ̀ṣọ́ bá nawọ́ sí òkè kan pé Àjàká nìyẹn, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń wò.

Kíṣí, ẹ ra wàrà, ẹ ra bẹntiróòlù, ẹ pe ilé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí níwájú.

Ìgbẹ́tì ni òkè ti pọ̀ jù, gbogbo ìlú ló wà lábẹ́ àpáta, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wa òkúta mábù. Láti ibẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ sùn. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, tírélà pọ̀ níbẹ̀, ẹ má wa mọ́tò lálẹ́.