Àwọn géèmù arcade tó yẹ kó ti wọlé wa tipẹ́

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin olólùfẹ́ géèmù. Àwọn géèmù arcade kan wà, ìyẹn géèmù inú ẹ̀rọ ńlá tí èèyàn ń dúró gbá níta, tí ayé gbá títí, tí àwọn èèyàn ṣì ń dárúkọ wọn dòní, síbẹ̀ tí ẹ bá gbé owó dání pé ẹ fẹ́ rà wọ́n sórí PlayStation, Xbox tàbí Switch, ẹ ò ní rí wọn. Kí ló fà á? Agbára ẹ̀rọ kọ́ o. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn lágbára ju bọ́ọ̀dù géèmù ọdún 1993 lọ fíìfíì. Orúkọ olórúkọ ló dí púpọ̀ nínú wọn lọ́nà, ohun tí wọ́n fi ń gbá wọn ló sì dí ìyókù.

Cadillacs and Dinosaurs ni mo fi ṣáájú, ẹ má bá mi jà. Ilé-iṣẹ́ Capcom gbé e jáde lọ́dún 1993, èèyàn mẹ́ta sì lè jọ gbá a lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó máa lu àwọn ọ̀daràn tó ń pa dáínọ́sọ̀ nípakúpa, ẹ ó máa ṣa ìbọn àti ọ̀bẹ nílẹ̀ lò, tó bá sì yá, ẹ ó kó sínú Cadillac, ẹ ó máa fi gbá àwọn ọlọ́kadà dànù lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti yan Mustapha, ọ̀kan nínú akọni mẹ́rin inú rẹ̀, rí mọ ohun tí mò ń sọ: ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti àwọn mẹ́ta yòókù lọ, tó bá sáré wá fò tapá, ọ̀daràn á fò sókè kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní Íńdíà, orúkọ Mustapha yìí lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pe odidi géèmù náà.

Kò dé orí ẹ̀rọ ilé rí. Èyí tó jáde fún ẹ̀rọ ilé Sega CD lọ́dún 1994, géèmù ọ̀tọ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Inú ìwé àwòrán Mark Schultz tó ń jẹ́ Xenozoic Tales ni ìtàn rẹ̀ ti wá, General Motors ló sì ni orúkọ Cadillac. Capcom ló kọ́lé, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló bá Alien vs. Predator, tí Capcom gbé jáde lọ́dún 1994. Èyí tiẹ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀ lọ́tọ̀. CPS-2 ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀dù tó ń gbé e ṣiṣẹ́. Kí àwọn ayédèrú má baà rí i dà kọ, Capcom tì í pa, wọ́n wá tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú ìrántí ẹ̀rọ tí bátìrì kékeré kan ń gbé ró. Ọjọ́ tí bátìrì yẹn bá kú, kọ́kọ́rọ́ á pòórá. Ẹ ó tan ẹ̀rọ, àwọ̀ kan ṣoṣo lẹ ó máa rí lójú gíláàsì, kò ní sí géèmù, kò ní sí ohùn. Àwọn tó ń tún bọ́ọ̀dù ṣe ń pè é ní bátìrì ìpara-ẹni. A dúpẹ́ pé wọ́n ti wá ọgbọ́n tí wọ́n fi ń jí àwọn tó ti kú dìde. Lọ́dún 2019, géèmù náà wà nínú Capcom Home Arcade, pátákó ìdarí tí èèyàn ń kì bọ tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí kò rí pátákó yẹn rà ń wòran nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irú àdéhùn báyìí ò ṣeé ṣe. The Punisher tí Capcom ṣe lọ́dún 1993 kan náà, ti Marvel ni ìtàn rẹ̀, ó sì padà dé nínú àkójọ tí wọ́n tà lọ́dún 2024. Àwọn géèmù Ninja Turtles ti Konami náà padà lọ́dún 2022. Tí owó bá wà níbẹ̀, àwọn lọ́yà á jókòó sọ ọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni èyí tó dé tó tún lọ. X-Men ti Konami, ọdún 1992: èèyàn mẹ́fà ló ń dúró síwájú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ojú gíláàsì méjì ló sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2010. The Simpsons tẹ̀ lé e lọ́dún 2012. Nígbà tó yá, wọ́n yọ méjèèjì kúrò lórí igbá. Ẹni tó rà rà, ẹni tí kò rà, ó ku orí.

Ti ọkọ̀ ló wá burú jù. Ẹ gbọ́ àwọn ọkọ̀ tó wà nínú Scud Race, tí Sega ṣe lọ́dún 1996: Ferrari F40, Porsche 911, McLaren F1, Dodge Viper. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ni kí ẹnìkan lọ máa bẹ̀! Kò délé rí. Ọ̀nà ìsáré inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé sínú OutRun 2 ti Xbox. Daytona USA 2, ọdún 1998, kò lo ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kankan, síbẹ̀ ọdún 2023 ló tó dé, nínú Like a Dragon Gaiden, wọ́n sì ti yí orúkọ rẹ̀ sí Sega Racing Classic 2. Mo gbóríyìn fún wọn, àmọ́ kí ló dé tí mo fi ní láti ra odidi géèmù mìíràn kí n tó wakọ̀?

Tó bá kan ohun tí wọ́n fi ń gbá géèmù, SegaSonic the Hedgehog ni kí ẹ wò. Ọdún 1993 ló jáde. Sonic, Mighty àti Ray, àwọn ẹranko inú géèmù náà, ni wọ́n jọ ń sá fún pańpẹ́ tí Eggman ọ̀tá wọn dẹ sí wọn, bọ́ọ̀lù ńlá kan ló sì wà níwájú ẹni kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí i kíkankíkan ni Sonic á ṣe máa sáré. Ẹ gbé e sórí ọ̀pá ìdarí kékeré, adùn rẹ̀ á dínkù. Ṣùgbọ́n ìdarí Joy-Con 2 ti Switch 2 ṣeé fà lórí tábìlì bíi ti máòsì kọ̀ǹpútà. Ṣé ẹ ti rí i pé àwáwí ti tán?

Géèmù oníbọn le ju ìyẹn lọ. Nínú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó yọ ìpàkọ́, ìtànṣán kan ló máa ń ya àwòrán ní ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìbọn á máa ṣọ́ ìgbà tí ìtànṣán bá kọjá ibi tí ẹ dojú rẹ̀ kọ, ìgbà yẹn ló fi ń mọ ibi tí ọta bà. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ò ní ìtànṣán yìí, nítorí náà ìbọn àtijọ́ ò ríran níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tà wọ́n ní láti kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìbọn tuntun.

Tó bá jẹ́ èmi ni Sega, mi ò ní dúró de Ferrari. Wọ́n ti tún ìrísí ọkọ̀ OutRun, tó jọ Ferrari, ṣe nígbà tí wọ́n tún un tà, ọkọ̀ pupa ṣì ni, ó ṣì ń sáré. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Scud Race. Ti Capcom ló le díẹ̀, torí tí wọ́n bá yọ Cadillac kúrò, dáínọ́sọ̀ nìkan ló kù. Èmi á ṣì rà á.