Ẹ Dárúkọ Iye Kí Ẹ Tó Pààlà Sínú Òkun

Bí ìjọba kan bá fẹ́ ya apá kan òkun sọ́tọ̀ kí ẹja lè ráyè yé ẹyin, wọ́n ní láti mọ ohun tí aráàlú ń fẹ́. Kí ni wọ́n wá máa ń bi wọ́n? "Ṣé ẹ fẹ́ ká tọ́jú òkun?"

Háà! Ta ló máa ní òun ò fẹ́? Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í nìyẹn. Ẹ pe mọ̀lẹ́bí jọ, ẹ ní ṣé ká ṣe òkú Bàbá kó lárinrin. Gbogbo wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá dárúkọ owó aṣọ ẹbí. Fóònù ẹlòmíì á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dún! Mo mọ àǹtí kan tó bọ́ sẹ́yìnkùlé títí ìpàdé fi parí.

Torí náà, Ẹ SỌ OHUN TÓ MÁA NÁ WỌN. Mo tún un sọ o: Ẹ DÁRÚKỌ IYE!

Ẹ gbé ètò méjì síwájú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bi. Nínú ti àkọ́kọ́, a ó ti ibi tó fẹ̀ pa, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀. Nínú ìkejì, ibi kékeré la ó tì, ṣùgbọ́n a ó fòfin de àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́ níbi yòókù, ẹ ó sì máa dáwó lọ́dọọdún fún àwọn tó ń ṣọ́ omi. Àbí ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà? Tó bá ti mú ọ̀kan, ẹ yí iye padà, ẹ tún bi í. Ẹ ó mọ ibi tó máa takú sí.

Ní Ọsirélíà, nígbà tí wọ́n tún ààlà Great Barrier Reef, ìyẹn òkìtì iyùn ńlá tó wà nínú òkun wọn, pa lọ́dún 2004, ibi tí wọ́n ti fòfin de ẹja pípa kúrò ní ohun tí ò tó 5 nínú 100, ó di nǹkan bí 33. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n béèrè: kí wọ́n tó yàwòrán ààlà, àti lẹ́yìn tí wọ́n yà á. Èsì tó wọlé lé ní 31,000. Síbẹ̀ àwọn apẹja bínú, ìjọba sì ná owó rẹpẹtẹ láti fi tù wọ́n nínú.

Tó bá wá kan ọ̀sà tiwa ní Mákòkó ńkọ́? Ẹ má bi kìkì ọkùnrin inú ọkọ̀. Ìyá tó ń yí epìyà lórí wáyà, tí èéfín ń ta lójú, òun ló mọ̀ bí ẹja ṣe ń kéré sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹni tó gbọ́ Ègùn dání. Tẹ́ ẹ bá gbé ìwé ìbéèrè olóyìnbó lọ, wọ́n á fi dáná ẹja.