Owó Oṣù Ta Ló Kọ́kọ́ Wọlé?

KẸ́MI: Ẹ káàbọ̀ o, gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà l'Ábùjá, Kàdúná, Kánò, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ré òkun kọjá. Ẹ̀gbọ́n Wálé, ọ̀rọ̀ ọ̀gá nígbà ọ̀wọ́n ló délẹ̀ lónìí.

WÁLÉ: Ṣé o rántí ọdún 2023? Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu ní Eagle Square, tó ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, lítà kan ti di 617 náírà l'Ábùjá níbí. Ẹni tó ń ti Mararaba wá ṣiṣẹ́ ní Wuse kàn ń fi owó oṣù wọkọ̀ ni.

KẸ́MI: Háà, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Nyanya láàárọ̀! Ẹ má rán mi létí.

WÁLÉ: Ọ̀gá kan tí mo mọ̀ ní kí mọ́tò tó ń gbé òun máa lọ kó àwọn òṣìṣẹ́ ní Mararaba. Òun wá ń wọ bọ́ọ̀sì akérò tí wọ́n ń pè ní El-Rufai láti Kubwa.

KẸ́MI: Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ìyẹn nìkan ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn kan á wọ bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan, fọ́tò á ti dé orí WhatsApp. Owó oṣù ńkọ́?

WÁLÉ: Ibẹ̀ ni mò ń bọ̀. Nígbà tówó ò tó, ó kó ìwé owó síwájú gbogbo wọn: èyí ló wọlé, èyí la ná. Agbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ ló kọ́kọ́ gbowó, pérépéré. Tirẹ̀ ló kẹ́yìn, ìgbà mìíràn ìdajì ló ń mú relé. Kò sọ fẹ́nì kan o, akápò ló tú u fó.

KẸ́MI: Èyí wọ̀ mí létí. Bí Gómìnà Jakande ṣe ṣe l'Ékòó nìyẹn, 1979 sí 1983: ilé ara rẹ̀ n'Ílùpéjù ló ń gbé, mọ́tò ara rẹ̀ ló ń gùn. Tírú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ ṣọ́wó ná, ta ló máa bá a jiyàn?

WÁLÉ: Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn...

KẸ́MI: ...ni yóò ru igbá rẹ̀ délé! Mo mọ̀ pé ẹ máa pa á. Àmọ́ ọ̀gá tí kì í relé ló ń bí mi nínú jù. Ó rò pé àpẹẹrẹ rere ni, títí aago mẹ́jọ alẹ́. Ta ló máa kọ́kọ́ dìde níṣojú rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ àwọn "one chance" ti wà ní Berger, wọ́n ń dúró de ẹni tó bá pẹ́.

WÁLÉ: Kí ọ̀gá kọ́kọ́ máa lọ ilé nìyẹn?

KẸ́MI: Kó gbé báàgì rẹ̀ láago márùn-ún, kó ní "ó dàárọ̀ o." Ẹ máa rí i bí ọ́fíìsì ṣe máa tú.