Ọ̀gà Kì Í Pariwo Àìsàn

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Akúrẹ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹni tó di ẹ̀ka igi mú lẹ́yìn mi yìí ni ọ̀gà tí mò ń sìn. Àwọn kan ń pè é ní agẹmọ, àwọn mìíràn ní alágẹmọ. Ẹ wò ó dáadáa. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó mì síwá, ó mì sẹ́yìn, ó tún rò ó wò kó tó gbé e sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀gà tó ń yọ́ ilẹ̀ tẹ̀, ikú ń pa á, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọ̀pọ̀lọ́ tó ń janra rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ikú tó ń pa ọ̀gà nínú ilé wa ni mo fẹ́ sọ lónìí, àti àmì tí ọ̀gà fúnra rẹ̀ máa ń fi hàn kí ikú náà tó dé.

Mo ti sin ọ̀kan rí ṣáájú èyí. Ìgbà ọyẹ́ ló kú. Ọmọ kan tó ń bá bàbá rẹ̀ ṣán oko kòkó lọ́nà Ìdànrè ló mú un wá fún mi. Mo kan àgò, mo ki ẹ̀ka igi bọ̀ ọ́, mo gbé abọ́ omi síwájú rẹ̀, mo sì ń pààrọ̀ omi náà láràárọ̀. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ń wọnú, mo ní bóyá bí ojú ọ̀gà ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo rí nǹkan pupa bí epo nínú ìgbẹ́ rẹ̀, mo gbá a dànù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi bá a nísàlẹ̀ àgò, ó ti kú, abọ́ omi kò sì jìnnà sí ẹnu rẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ. Òùngbẹ ló pa á. Ọ̀gà kì í sábà mọ omi tó dúró sójú kan sí omi. Ìrì orí ewé àti òjò tó ń kán ló mọ̀ pé òun lè mu. Ó dùn mí títí dòní, torí pé gbogbo àmì náà ni mo fi ojú ara mi rí, mi ò kàn mọ ohun tí wọ́n ń wí ni.

Ẹ jẹ́ ká mọ ìdí tí àmì rẹ̀ fi máa ń fara sin. Ẹyẹ fẹ́ jẹ ẹ́, ejò fẹ́ jẹ ẹ́, ológbò náà ń wá a. Ẹranko tí ọ̀tá rẹ̀ pọ̀ tó báyìí, tó bá ṣàárẹ̀ lójú gbangba, ó di oúnjẹ nìyẹn. Nítorí náà ó máa ń mú un mọ́ra ni. Ìgbà tí ara rẹ̀ kò bá lè gbà á mọ́ ni ẹ ó tó rí i, àìsàn náà sì ti lè rìn jìnnà. Ìlera rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ tó lè mọ àìsàn rẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ìgbà wo ló ń jí? Ẹ̀ka wo ló máa ń gùn lọ yá oòrùn? Ìrẹ̀ mélòó ló jẹ lánàá? Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré oní-gíráàmù, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ojú wa lè má tètè rí i pé ó ń rù. Òṣùwọ̀n á rí i.

Àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń bi mí léèrè. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gà mi ti dúdú, ṣé kò ní kú báyìí?" Ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe ibi tó bá bà lé ló ń fi àwọ̀ jọ, bí wọ́n ṣe sọ fún wa nígbà tí a wà lọ́mọdé. Àwọ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé bí inú rẹ̀ ṣe rí àti bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tàbí tutù tó. Ní 2015, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Geneva, ní Switzerland, ṣàlàyé rẹ̀ lára irú ọ̀gà kan tó wá láti Madagascar. Kírísítálì wínníwínní ló wà nínú awọ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, wọ́n á sún mọ́ra. Bí ara rẹ̀ bá gbóná sí akọ mìíràn, wọ́n á jìnnà síra, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára wọn á sì yàtọ̀.

Tó bá wá dúdú láàárọ̀ kùtùkùtù, tó sì na ara rẹ̀ pẹlẹbẹ sí oòrùn, ooru ló ń kó jọ, kò sí aburú níbẹ̀. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣá bí ẹ̀kọ tútù lálẹ́, oorun ló ń sùn. Èyí tó yẹ kó ká yín lára ni ọ̀gà tí àwọ̀ rẹ̀ kú tàbí tó dúdú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn ti ràn sí i lára tí kò sì yí padà. Kí ẹ tó sọ pé àìsàn ni, ẹ wò yíká àgò. Ṣé ó ń rí ọ̀gà mìíràn? Ṣé dígí wà níbẹ̀ tó fi ń rí ara rẹ̀? Ṣé ajá ń fò mọ́ àgò? Ọ̀gà kì í fẹ́ ẹnìkejì nínú ilé. Ọ̀kan nínú àgò kan ni.

Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà sún mọ́ ojú rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe yọ síta bí òkìtì kékeré, tí ihò kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀. Èyí ń wo yín, èkejì ń wo eṣinṣin lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ọ̀gà tí ara rẹ̀ yá kì í sinmi lójúmọmọ. Tí mo bá ní láti mú àmì kan ṣoṣo fún yín, ojú ni ǹ bá mú. Ọ̀gà tó di ojú lọ́sàn-án gangan, ẹ má sọ pé ó ń tòògbé o. Ọ̀gà tó lera kì í sùn lọ́sàn-án. Tí ojú náà bá wọnú bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ àkàrà, ẹ kọ́kọ́ ronú kan òùngbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn mìíràn náà lè fà á. Tó bá wú ńkọ́? Ó lè jẹ́ eruku ló kó sí i. Ọ̀gà máa ń fẹ ojú rẹ̀, á máa yí i nínú láti fọ̀ ọ́, yóò sì parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tó ṣì wú, tàbí tó lẹ̀ pọ̀, ó lè jẹ́ kòkòrò àìsàn, ó sì lè jẹ́ pé fítámì A kò tó lára rẹ̀. Ẹ má kán oògùn ojú tí wọ́n fún Màmá sí i.

Bí ẹ bá ti wo ojú, ẹ wo ìgbẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó wu èèyàn láti wò, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì. Ọ̀nà méjì ni ohun tó ń yà pín sí: apá dúdú, tó jẹ́ ìgbẹ́, àti apá funfun, tó jẹ́ ìtọ̀ tó ti dì. Funfun yẹn ló yẹ kó máa jẹ́. Tí etí apá funfun náà bá pọ́n díẹ̀, kò burú. Tí gbogbo rẹ̀ bá pọ́n bí epo pupa, omi ti gbẹ lára rẹ̀. Ẹ fi ike ìfọ́nmi fọ́n omi sórí ewé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan fíì kí ẹ sì lọ. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbà pé òjò ni. Mo tún gbé ike kan tí mo fi abẹ́rẹ́ lu nídìí sórí àgò, tó ń kán tó, tó, sórí ewé. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi kún un. Tí ìgbẹ́ bá rọ̀ tó sì ń rùn gan-an, tàbí tí ẹ rí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, aràn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kò sì yà mí lẹ́nu, torí pé ọ̀pọ̀ ọ̀gà tí a mú láti inú igbó ló ti gbé aràn wá látibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ egungun ló kàn, òun ló sì ń bà mí nínú jẹ́ jù, torí pé kò yẹ ká máa rí i ní Akúrẹ́ rárá. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀gà mi: ìka méjì lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, ó di igi mú bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ fi ẹ̀mú di irin. Tí ìdìmú yẹn bá dẹ̀, tó ń yọ̀ ṣubú láti orí igi, tó fà ikùn lórí ẹ̀ka dípò kó gbé ara sókè, tí ìgúnpá rẹ̀ tẹ̀ síta, tí àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀ tí ẹnu kò pàdé mọ́, egungun rẹ̀ ti ń rọ̀. Mo ti rí ọ̀kan tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú, kò mọ èyí tó jẹ́ igi mọ́. Ahọ́n náà ń sọ ọ́. Ahọ́n tó gùn ju ara rẹ̀ lọ, tó ń ta mú kòkòrò kí ojú yín tó ṣẹ́, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé, tàbí tó ta síta tán tí kò lè fà á padà.

Ohun tó ń fà á ni pé ara ọ̀gà kò lè lo kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú egungun le, láìsí fítámì D3, ìtànṣán oòrùn tí wọ́n ń pè ní UVB ló sì fi ń ṣe fítámì náà. Àwọn èèyàn wa á gbé àgò sí pálọ̀, lẹ́bàá fèrèsé onígíláàsì, wọ́n á ní oòrùn ń wọlé. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé lóòótọ́. UVB kò gba inú gíláàsì fèrèsé kọjá tó bó ṣe yẹ. Ẹ gbé e síta nínú àgò onínẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, kí ìdajì àgò wà lábẹ́ ibòji. Ọ̀fẹ́ ni. Níbi tí kò ti sí oòrùn tó báyìí, gílóòbù UVB ni wọ́n ń rà, agbára rẹ̀ sì ń dín kù láàárín oṣù 6 sí 12 bó tilẹ̀ ṣì ń tàn. Kí ẹ sì máa bu ìyẹ̀fun kálísíọ́mù sára ìrẹ̀ àti tata tí ẹ ń fún un. Èèpo ẹyin tí a sè, tí a sá gbẹ, tí a lọ̀ kúnná, kálísíọ́mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Egungun tó bá ti wọ́ kì í nà mọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá tètè rí dókítà ẹran, a lè dá a dúró níbi tó dé.

Nípa oúnjẹ, ẹ má mú aáyán ilé tí wọ́n ti fọ́n oògùn sí fún un, tàbí kòkòrò láti oko kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín. Tanátaná náà, ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Oró wà nínú irú rẹ̀ kan tó ń pa aláǹgbá.

Ẹnu ńkọ́? Tó bá la ẹnu lọ́sàn-án, ooru lè ti pọ̀ jù. Ẹ gbé e síbi tó tutù. Tó bá pa ẹnu dé, ọ̀rọ̀ ti tán. Tó bá ṣì la ẹnu níbi tútù, tó na imú sókè ọ̀run kó tó lè mí, tí ẹ ń gbọ́ ìró pẹ́, pẹ́, tí itọ́ ń hó létí ẹnu rẹ̀, àyà rẹ̀ ni àìsàn wà. Àsìkò òjò ló máa ń pọ̀, nígbà tí àgò tutù mọ́jú tí atẹ́gùn kò sì fẹ́ wọ ibẹ̀. Wíwú létí àgbọ̀n, pẹ̀lú ohun tó dì bí wàràkàṣì nínú ẹnu, ìyẹn náà kúrò ní ohun tí a ń fi omi iyọ̀ wò nílé.

Ẹ̀yin tó ní abo, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ó lè ní ẹyin nínú láìrí akọ rí. Yóò kọ oúnjẹ, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò máa rìn káàkiri ìsàlẹ̀ àgò, yóò máa wa ilẹ̀. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì iyẹ̀pẹ̀ tútù tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan sí i, kí ẹ fi aṣọ bo àgò, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu. Tó bá ṣíwọ́ wíwa ilẹ̀ láìyé ẹyin, tó sì di ojú, tí kò lágbára mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni ẹ ó gbé e lọ. Ẹ má dúró de ọ̀la.

Bíbọ́ awọ kì í ṣe àìsàn. Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni tirẹ̀ máa ń bọ́. Ẹ má bá a bó o. Ẹ kàn wo ìka àti ìdí ìrù bóyá èyí tó gbẹ fún un mọ́ ibẹ̀. Àpá dúdú lórí ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè jẹ́ gílóòbù ló jó o.

Tí ẹ bá ti rí ọ̀kan nínú àmì wọ̀nyí, ẹ má gún un lábẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa aràn ajá, ẹ má sì la ẹnu rẹ̀ da omi sí i, ó lè gba ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kì í ṣe gbogbo dókítà ẹran ló ti tọ́jú ọ̀gà rí, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ pè láti béèrè. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ń rí sí ẹranko ìgbẹ́ wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Akúrẹ́ níbí, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ wọn ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn náà wà. Inú páálí tí a lu ihò sí, tí igi kan wà nínú rẹ̀ tó lè dì mú, ni kí ẹ gbé e sí; kì í ṣe inú búùtù ọkọ̀. Ẹ mú ìgbẹ́ tuntun dání nínú ọ̀rá, àti ìwé kékeré yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, àgàgà tí ọmọdé bá wà nílé, torí ọ̀gà lè ní kòkòrò àìsàn tí wọ́n ń pè ní salmonella lára láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Ẹ̀yin tí kò tíì ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ mú u nínú igbó. Ọ̀gà wà lára ẹranko tí àdéhùn àgbáyé CITES ń ṣọ́ òwò wọn. Èyí tí ẹ bá rà sílẹ̀ lọ́dọ̀ lékúlejà nítorí àánú, omi ló ń wá kí ó tó wá oúnjẹ.

Lọ́la, kí ẹ tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ẹ dúró níwájú àgò fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ gbé ìka yín lọ sọ́tùn-ún, ẹ gbé e lọ sósì, láìfọwọ́ kàn án. Ẹ wò ó bóyá ojú yẹn á tẹ̀ lé e. Kí ẹ wá kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé.