Lẹ́tà sí Àwọn Ìgbèkùn: Kíka Jeremáyà 29:11 ní Ààyè Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà ìjọ àti ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo kí yín. Ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo ni mo mú wá, èyí tí gbogbo wa mọ̀ lórí: Jeremáyà 29:11. Ó wà lára kàlẹ́ńdà, ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ akérò. Olúwa ní èrò àlàáfíà ni òun ń rò sí wa, a ṣe àmín, a sì pa ìwé dé. Ẹ jẹ́ kí a tún un ṣí, kí a sì kà á láti ẹsẹ kìn-ín-ní.

Lẹ́tà ni orí yìí. Jerúsálẹ́mù ni Jeremáyà wà nígbà tó kọ ọ́. Bábílónì ni àwọn tó kọ ọ́ sí wà, níbi tí Nebukadinésárì, ọba Bábílónì, kó wọn lọ ní ọdún 597 ṣáájú ìbí Kristi, pẹ̀lú ọba wọn, ìyá ọba, àwọn oníṣọ̀nà àti àwọn alágbẹ̀dẹ. Ẹni tó bá sì ka orí 28 yóò rí i pé wòlíì mìíràn, Hananáyà, ti sọ pé ọdún méjì péré ni ìgbèkùn náà yóò gbà, tó sì gba àjàgà ọrùn Jeremáyà, èyí tí Jeremáyà gbé kọ́rùn láti fi hàn pé wọn yóò sin Bábílónì, tó ṣẹ́ ẹ lójú gbogbo ènìyàn. (Èmi gan-an mọ wòlíì tí ìjọ yóò yàn nínú àwọn méjèèjì.)

Ohun tí lẹ́tà náà wá sọ ni pé kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n bímọ, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú tí a kó wọn lẹ́rú lọ. Ẹsẹ 10 ní àádọ́rin ọdún ni yóò pé kí Olúwa tó mú wọn padà. Ẹni tó jẹ́ ọmọ 40 ọdún lọ́jọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà náà sí i létí yóò ti di ẹni 110 ọdún kí ó tó pé. Lẹ́yìn ìṣirò yìí gan-an ni ẹsẹ 11 dé, “Nítorí” ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. A kì í fi “nítorí” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí kò bá sí ohun tí a ti sọ ṣáájú.

Èdè wa tún ṣe wá lóore níhìn-ín. “Sí yín” ni Bíbélì Yorùbá kọ, kò kọ “sí ọ.” Bí ó bá ṣe àgbàlagbà ni à ń bá sọ̀rọ̀, a lè pè é ní ti ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n nínú Bíbélì wa, “ìwọ” ni Ọlọ́run ń pe ẹnì kan ṣoṣo, ìbáà ṣe Ábúráhámù tàbí Mósè. “Yín” yìí kò lè jẹ́ ti ọ̀wọ̀, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ni: odidi àwùjọ tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ni yóò rí ìpadàbọ̀ náà.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní Bábílónì, Ṣemáyà, lóye lẹ́tà náà dáadáa. Kò ṣe àmín. Ńṣe ló kọ̀wé sí àlùfáà ní Jerúsálẹ́mù, ó ń béèrè ìdí tí wọn kò fi tíì bá Jeremáyà wí, ẹni tó ránṣẹ́ sí àwọn ìgbèkùn pé yóò pẹ́, kí wọ́n kọ́ ilé.