Múdù tí hdparm fi ń wọn oorun díìsìkì

Okun o, ẹ̀yin tèmi ní Kábà, ní Ìsánlú, níbi yòówù tí wọ́n ti mú iná lọ lálẹ́ yìí. Inverter ń gbé kọ̀ǹpútà yín, ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan, àmọ́ háàdì díìsìkì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ń kùn. Irú díìsìkì ńlá bẹ́ẹ̀, ti 3.5 inch, lè máa jẹ wáàtì 4 sí 8 bó ṣe ń yí lásán. Tó bá sùn, kì í sábà tó wáàtì 1. Ẹ jẹ́ ká lé e lọ sùn. Linux la ń lò, hdparm sì ni irinṣẹ́ tá a ó fi bá díìsìkì náà sọ̀rọ̀.

Àṣẹ lsblk lẹ ó fi mọ orúkọ ẹ̀, mi ò ní dúró síbẹ̀. Tiwa ni sdb. Ẹ bi kernel, ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, bóyá irú díìsìkì tó ń yí ni lóòótọ́:

cat /sys/block/sdb/queue/rotational

Ohun tó wà nínú /sys kì í ṣe fáìlì tí ẹnikẹ́ni tọ́jú sórí díìsìkì o. Ojú fèrèsé ni kernel ṣí sílẹ̀: ẹ kà á, ó dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀. 1 ni pé irú tó ń yí ni. 0 ni pé SSD ni, kò sóhun tó ń yí nínú ẹ̀, ẹ lọ jẹun yín. Àmọ́ bó bá jẹ́ inú àpótí USB ló wà, ẹ má gba 1 yẹn gbọ́ tán. Àpótí míì kì í sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀, kernel á wá kà á sí èyí tó ń yí.

Ó dáa. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣubú rèé. Ẹ fẹ́ kó sùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ wá tẹ:

sudo hdparm -S 10 /dev/sdb

Ìṣẹ́jú 10 kọ́! Mo ní ìṣẹ́jú 10 KỌ́! Ìṣẹ́jú àáyá 50 lẹ sọ yẹn.

Ẹ fojú ọjà wò ó. Ẹ ní kí wọ́n wọn gàrí 10 fún yín, ẹ ò kọ́kọ́ wo bí múdù ṣe tó. Múdù hdparm kéré: ìṣẹ́jú àáyá 5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ìṣẹ́jú 10 fi jẹ́ 120, tí ìṣẹ́jú 20 sì jẹ́ 240. Ẹ wá kọjá 240 báyìí, ìyálọ́jà ti pààrọ̀ múdù láìsọ̀rọ̀! Láti 241 dé 251, ìdajì wákàtí ni múdù kan. 241 jẹ́ ìdajì wákàtí, 242 jẹ́ wákàtí kan. Ẹni tó kọ 250, tó rò pé òun kàn lé díẹ̀ sí ìṣẹ́jú 20, wákàtí 5 ló rà.

Kí ló burú nínú ìṣẹ́jú àáyá 50? Díìsìkì á máa sùn, á máa jí, á tún sùn, á tún jí. Ìgbà tó bá sì ń jí gan-an ló ń fa iná jù. Iná tí ẹ ń ṣọ́ náà lẹ tún ń dà nù, díìsìkì sì ń gbó. Ẹ kọ 120.

Ṣé ó ti sùn?

sudo hdparm -C /dev/sdb

Standby, ó ti sùn. Active/idle, ojú ẹ̀ ṣì là. -C kì í jí i. smartctl, irinṣẹ́ tó ń yẹ ìlera díìsìkì wò, lè jí i, àfi tí ẹ bá fi -n standby sí i. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má ṣí fóldà ẹ̀ láti fi wò ó! Ẹ kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà mọ́ ẹni tó sùn, ẹ tún ń béèrè bóyá ó sùn.

Kò sùn rárá? Ẹ tẹ sudo hdparm -B /dev/sdb láti wo nọ́ńbà tó fi ń ṣọ́ iná. Láti 128 dé 254, kò gbà kó sùn. 127 wálẹ̀ ló gbà. Tó bá ké pé "SG_IO: bad/missing sense data", àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àpótí USB ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín dé inú. Àpótí ni kẹ́ ẹ pààrọ̀, kì í ṣe nọ́ńbà.

Tí ẹ bá pa díìsìkì, ó lè gbàgbé -S. Ní Debian àti Ubuntu, ẹ kọ spindown_time = 120 sínú /etc/hdparm.conf, kẹ́ ẹ sì lo orúkọ ẹ̀ tó wà ní /dev/disk/by-id, torí sdb òní lè di sdc lọ́la.

Ó ku bí ẹ ó ṣe yọ wáyà ẹ̀. Pé ẹ rí i lójú kọ̀ǹpútà pé fáìlì ti wọlé tán kò ní kó jẹ́ pé ó ti dé orí díìsìkì. Inú RAM, ìrántí ìgbà díẹ̀ kọ̀ǹpútà, ni kernel kọ́kọ́ gbà á sí, ó sì lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 30 níbẹ̀: iṣu ti kúrò lóko, kò tíì dé àká. grep Dirty /proc/meminfo á sọ èyí tó ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹ má fà á yọ! Ẹ kọ́kọ́ tẹ ìwọ̀nyí (sdb1 ni apá sdb tí fáìlì wà):

udisksctl unmount -b /dev/sdb1
udisksctl power-off -b /dev/sdb

Ẹ gbé ọwọ́ lé àpótí náà. Ó ṣì ń gbọ̀n? Ẹ ní sùúrù. Ó ti dákẹ́? Ẹ yọ ọ́.